Fàńílà àti Ọwọ́ Ọmọ Tí Ó Mú Un So
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn ni ẹ ní kí a bá yín sọ. A kò ní sọ ti kòkó tàbí ti iṣu, nítorí ẹ̀yin ni olùkọ́ wa nínú ìyẹn. Ìtàkùn kan tí à ń pè ní fàńílà ni a mú wá.

Ìdílé òdòdó tí a ń pè ní ọ́kíìdì ni fàńílà ti wá. Púpọ̀ nínú ìdílé yìí ni í gbé orí igi ńlá nínú igbó wa. Ẹni tí kò bá wò wọ́n dáadáa lè pè wọ́n ní àfòmọ́. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ a máa fa oje igi mu. Ọ́kíìdì kàn fara ti igi ni, omi òjò àti ewé jíjẹrà sì tó o. Àlejò tí ó gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání ni.

Hóró ọ́kíìdì kéré bí eruku, kò sì ní oúnjẹ nínú. Nítorí náà, ìtàkùn ni àgbẹ̀ ń gbìn. A ó gé èyí tí ó gùn tó mítà 1, a ó fi í sí ibòji fún ọjọ́ mélòó kan kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè gbẹ, kí ó má baà jẹrà. A ó fi ewé jíjẹrà bo ìdí rẹ̀, a ó sì so ó mọ́ igi alààyè. Lápálàpá dára, agúnmániyè dára, àwọn ẹbí pèrègún náà dára. Wọn a máa gbé e ró, wọn a sì máa ṣíji bò ó níwọ̀nba. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn nílẹ̀, nítorí náà kí ọkọ́ má ṣe dé ìdí rẹ̀. Bí ó bá ga jù, a ó da orí rẹ̀ kodò kí ọwọ́ lè tó òdòdó rẹ̀. Ó tó bí ọdún 3 kí ó tó tanná.

Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ó ti wá. Nígbà tí àwọn Faransé gbé e dé erékùṣù Réunion ní nǹkan bí ọdún 1820, ó dàgbà, ó tanná, ṣùgbọ́n kò so. Kòkòrò tí í bá a ṣe iṣẹ́ náà kò sí níbẹ̀, awọ tíńrín kan sì dínà láàárín akọ àti abo nínú òdòdó rẹ̀. Ní ọdún 1841, ọmọ ẹrú kan tí ń jẹ́ Edmond, ọmọ ọdún 12, fi igi ṣóńṣó gbé awọ náà sókè, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ akọ mọ́ abo. Òdòdó náà so. Wọ́n mú un láti oko dé oko kí ó lè kọ́ àwọn ẹrú yòókù. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ṣì ń lò ní Madagásíkà lónìí, níbi tí fàńílà ti pọ̀ jù lọ láyé. Òdòdó kọ̀ọ̀kan kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Ẹni tí ó bá sùn jẹ́ ti pàdánù.

Onímọ̀ kan sọ pé òun ni ó kọ́ ọmọ náà. Ọ̀gá Edmond fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀wé láti jẹ́rìí pé iṣẹ́ ọmọ náà ni. Ní ọdún 1848 ó gba òmìnira, ó sì gba orúkọ Albius. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1880, ó kú nínú òṣì. Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn ọrọ̀ kò bá wọn wọlé.

Ẹ̀yin ará wa, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ yìí bá ń pín owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe wo ìwé ìdánwò nìkan. Ẹ wo ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ tálákà. Bí ó bá sì rí ohun tí àwa àgbà kò rí, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ó sì jẹ nínú èrè rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè.