Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Lè Yan Mọ́nítọ̀ Géèmù Tí Ó Bá Kọ̀ǹpútà àti Àpò Wa Mu

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé

 

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí mọ́nítọ̀ tí à ń fi ṣe géèmù. Bóyá àwọn kan nínú yín ń rò ó pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ ẹgbẹ́ lè fẹ́ yá owó láti ṣí ilé géèmù ní àdúgbò rẹ̀. Òbí sì lè fẹ́ yá owó nítorí ọmọ tí ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ra mọ́nítọ̀ tuntun fún òun. Owó tí wọ́n fẹ́ yá kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó tí gbogbo wa dá jọ ni. Bí ọjà tí a fi rà kò bá ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á, gbèsè kò ní torí ìyẹn dín kù. Bí ẹni tí ó yá a kò bá sì rí i san, ọrùn àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni yóò bọ́ sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ wo kọ̀ǹpútà kí ẹ tó wo mọ́nítọ̀. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ya àwòrán; iṣẹ́ mọ́nítọ̀ ni láti fi í hàn. Ohun tí kọ̀ǹpútà kò bá yà, kò sí mọ́nítọ̀ tí yóò fi í hàn, bí owó rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó.

Nọ́ńbà méjì tí ó wà lára páálí

Nọ́ńbà kìíní ni iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí ó wà lójú mọ́nítọ̀, èyí tí à ń pè ní píksẹ́lì. Mọ́nítọ̀ 1920 × 1080 ní píksẹ́lì 2,073,600. Ti 2560 × 1440 ní 3,686,400. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K, tí í ṣe 3840 × 2160, ní 8,294,400. Ẹ ó rí i pé ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́ gan-an ni 4K jẹ́. Bí a bá ní kí obìnrin kan tí ó ń gún iyán fún ènìyàn 2 fi odó kan náà gún un fún ènìyàn 8 láàárín àkókò kan náà, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ yóò ṣe rí bí a bá so 4K mọ́ ọn: géèmù á máa fà bí ìgbín.

Nọ́ńbà kejì ni Hz. Mọ́nítọ̀ 60 Hz lè pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; ti 144 Hz lè ṣe é ní ìgbà 144. Èyí ń wúlò fún géèmù ìbọn àti ti ìsáré ọkọ̀, níbi tí ojú àti ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ yára. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá ń ya àwòrán 45 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mọ́nítọ̀ 144 Hz kò lè sọ 45 di 144.

Báwo ni a ṣe máa mọ agbára kọ̀ǹpútà wa?

Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò gbọ́ lórí èyí. Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ ṣí géèmù tí ẹ máa ń ṣe jù, kí ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti G pọ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ FPS sí. Iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Ó lè kọ́kọ́ béèrè ìyọ̀ǹda. Ẹ gbà fún un, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tún un tàn. Ẹ ṣe géèmù náà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa wo nọ́ńbà náà nígbà tí eré bá gbóná.

Bí ó bá wà láàárín 40 sí 60 lórí 1920 × 1080, mọ́nítọ̀ 1080 tí ó jẹ́ 60 tàbí 75 Hz ti tó yín. Bí ó bá ń kọjá 100 láìyẹsẹ̀, a jẹ́ pé 144 Hz yóò san owó tí ẹ ná lé e. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ sí 1440, ẹ rántí pé nọ́ńbà náà yóò wálẹ̀ gan-an, nítorí pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ohun kan wà tí ó ń ran kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀ lọ́wọ́. FreeSync ni wọ́n ń pè é bí ó bá jẹ́ ti AMD, G-Sync bí ó bá jẹ́ ti NVIDIA. Ó ń mú kí mọ́nítọ̀ dúró de kọ̀ǹpútà, kí àwòrán má baà máa ya sí méjì. Bí mọ́nítọ̀ méjì bá jẹ́ iye kan náà, èyí tí ó ní in ni kí ẹ mú.

Àpẹẹrẹ ilé géèmù

Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan fẹ́ fi PS4 mẹ́fà ṣí ilé géèmù. PS4 tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2013 kò lè gbé ju 1080 ní 60 Hz lọ. Bí ó bá ra mọ́nítọ̀ 4K ti 144 Hz mẹ́fà fún un, owó ló fi ṣòfò. PS5, tí ó jáde ní 2020, ni ó lè lo 4K àti 120 Hz. Ohun tí ó yẹ ẹni yìí ni mọ́nítọ̀ 1080, íǹṣì 24, tí ojú rẹ̀ jẹ́ IPS, nítorí pé IPS ń hàn kedere fún àwọn tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wòran. TN lè dín owó, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Kí ó rí i pé mọ́nítọ̀ náà ní ihò HDMI. Kí ó tún wò ó bóyá ó ní sípíkà tàbí ihò tí a lè ki sípíkà bọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ kì í sọ̀rọ̀. Owó tí ó bá ṣẹ́ kù, kí ó fi ra páàdì àti sitábíláísà.

Fún ẹni tí ó jókòó sún mọ́ tábìlì, íǹṣì 24 bá 1080 mu, íǹṣì 27 sì bá 1440 mu.

Ọ̀rọ̀ wáyà

HDMI 1.4 àtijọ́ kò lè gbé 4K ju 30 Hz lọ. VGA kì í gbé ohùn rárá. Bí kọ̀ǹpútà bá ní káàdì àwòrán tirẹ̀, ihò ara káàdì náà ni kí ẹ ki wáyà bọ̀, kì í ṣe ihò tí ó wà lókè lára kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, System, Display, Advanced display, kí ẹ sì yan Hz tí ẹ sanwó fún. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, mọ́nítọ̀ 144 Hz lè máa ṣiṣẹ́ ní 60 fún ọdún kan gbáko láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ Tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀ kò burú, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án, kó máa ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi àwọ̀ funfun, dúdú, pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé kún ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá ojú tí ó ti kú tàbí ilà. Ẹ dán gbogbo ihò àti bọ́tìnì rẹ̀ wò. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sí, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà.

Ohun tí ó kan ẹgbẹ́

Mo fẹ́ bẹ ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pé kí wọ́n máa béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó fún irú ọjà yìí: orúkọ kọ̀ǹpútà àti káàdì àwòrán rẹ̀, iye FPS tí ó rí, àti iye owó láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò mẹ́ta, pẹ̀lú owó wáyà àti ti ọkọ̀. Bí FPS bá kéré jù, ẹ gbà á nímọ̀ràn pé kí owó náà lọ sí ara kọ̀ǹpútà ná. Mọ́nítọ̀ lè dúró. Bí ẹni mẹ́rin márùn-ún bá sì fẹ́ irú kan náà, kí wọ́n jọ rà á pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà lè ná ọjà ju ẹni tí ó fẹ́ ra ẹyọ kan lọ. Torí irú nǹkan báyìí ni a ṣe dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.