Ẹ Máa Kọ Ọjọ́ Yín Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: lọ́jọ́ tí omi wọlé yín kẹ́yìn, kí ni ó gbé lọ? Ta ni ó gbà yín sílé lóru ọjọ́ náà? Ta ni ó ṣèlérí tí kò padà wá? Ẹ rọra rò ó.

Àwa ará Ògùnpa mọ omi. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, odò yìí kún, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ènìyàn lọ. Ẹ bi àwọn àgbà pé ẹni mélòó ló kú, kálukú ni yóò sọ iye tirẹ̀. Bí ẹ bá yẹ ìwé wò, wọn kò bára mu níbẹ̀ náà. Ó dùn mí pé òkú ọmọ ènìyàn di àfojúdá.

Omi tún ṣọṣẹ́ nílùú Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Mo bá àwọn aládùúgbò kan jókòó láti kọ ohun tí wọ́n pàdánù, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo sì mọ̀ pé ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń sọ pé, “Gbogbo ẹrù mi ni, Pásítọ̀.” Ìyá aláṣọ kan, tí kò ká ìwé mẹ́fà tán, ló fa ìwé kékeré kan yọ. Iye aṣọ tó rà wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí ibà dá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, àti ìjà òun àti ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. (Ẹ má rẹ́rìn-ín.) N kò ní parọ́ fún yín pé wọ́n san owó fún un kíá. Ó pẹ́, kò sì pé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè pè é ní onírọ́.

Ẹ má sì pè é ní àṣà òyìnbó. Ọmọ Ìbàdàn ni Olóògbé Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san, aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìjòyè àti ẹjọ́ ilẹ̀. Ó tún kọ gbèsè tirẹ̀ àti ìtìjú àìlówó. Èyí ló wú mi lórí jù, nítorí gbèsè ẹlòmíràn ló máa ń rọ̀ wá lọ́rùn láti kọ. Ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ló ń tọ́jú àwọn ìwé náà, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń kà wọ́n.

Hábákúkù ńkọ́? Ẹ ti gbọ́ tirẹ̀ tó, n kò ní wàásù rẹ̀ lónìí. Ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún, kí ẹ kọ ìlà mẹ́ta kí ẹ tó sùn. Màmá tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí ọmọ-ọmọ bá wọn kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ó má tún un ṣe. Kí ẹ wá fi ọ̀rá wé e, kí ẹ gbé e sókè ju ibi tí omi dé lára ògiri yín ní 2011.