Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Nílé Ìwòsàn

   

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan nínú kíláàsì wa dúró dè mí lẹ́yìn tí gbogbo yín ti lọ. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ ìwé. Ọmọbìnrin mi ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ilé ìwòsàn. Ọkùnrin kan ní ìlú ní òun yóò kọ́ ọ ní oṣù 6, òun yóò sì fún un ní ìwé. Ó ní kí n mú owó wá. Ṣé kí n ta àwọn ewúrẹ́ mi?"

N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ fún mi ní ọjọ́ 3." Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà tó wà nílé ìwòsàn wa. A jókòó sábẹ́ igi, ó sọ̀rọ̀, mo ń kọ ọ́. Nígbà tí a parí, ó ní kí n má sọ ọ́ fún ìyá yẹn nìkan, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń béèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Bí a bá dé ilé ìwòsàn, gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun, dókítà ni a ń pè é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà wà, nọ́ọ̀sì wà, agbẹ̀bí wà. Ẹnì kan tún wà tí ọwọ́ rẹ̀ ń kan aláìsàn ju ti gbogbo wọn lọ. Òun ló ń wẹ aláìsàn tí kò lè wẹ ara rẹ̀. Òun ló ń tẹ́ ibùsùn, tó ń fi ṣíbí fún aláìsàn ní oúnjẹ, tó ń gbé e dìde, tó ń wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pe ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní aide-soignant, wọ́n ń pe obìnrin ní aide-soignante. Èmi yóò máa pè é ní olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí ó lè yé wa.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé iṣẹ́ ìgbálẹ̀ àti dída ìgbẹ́ nù ni. Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́.

Bàbá bàbá mi ṣubú ní oko, apá kan ara rẹ̀ sì kú. Láti ọjọ́ náà kò dìde mọ́. A fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. A ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, a ń fọ aṣọ rẹ̀, a ń kí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni a fi í dùbúlẹ̀ lé láti àárọ̀ di alẹ́. A ní kí ó sinmi. Kò pẹ́, àwọ̀ ìdí rẹ̀ yí padà, ó dúdú, ó gbóná. A fi òróró pa á. Lẹ́yìn náà ó bẹ́, ó di egbò. Egbò náà jìn, ó ń rùn. Àwọn kan nínú ẹbí ní ayé ló ṣe é, a sì náwó sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá kú. Mo rò pé egbò náà ló pa á, kì í ṣe àìsàn tó gbé e ṣubú.

Ní ọdún tó kọjá, mo sọ ìtàn yìí fún olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ẹ ò yí i padà ni." Ó ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ sójú kan, egungun rẹ̀ ń tẹ ẹran ara mọ́ ẹní. Ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá níbẹ̀. Ẹran ara náà yóò kú. Nílé ìwòsàn, ní wákàtí 2 méjì ni wọ́n ń yí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ padà: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ òsì. Wọ́n ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀, ìbàdí rẹ̀, ìdí rẹ̀, èjìká rẹ̀, àti ìpàkọ́ rẹ̀. Ó ní ara òyìnbó máa ń pọ́n kí egbò tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹ wò ó bóyá ibẹ̀ dúdú ju bó ti ń rí lọ, bóyá ó gbóná, bóyá ó le tàbí ó rọ̀ ju ibi tó kù. Bí ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kí aláìsàn tún fi ibẹ̀ dùbúlẹ̀.

Mo jókòó, n kò lè sọ̀rọ̀. Kò sí oògùn nínú ohun tó sọ. Kò sí ẹ̀rọ. Ọwọ́ ènìyàn àti ìmọ̀ nìkan ni.

Ó dára. Kí ni wọ́n ń kọ́? Ìdajì ẹ̀kọ́ wà nínú kíláàsì, ìdajì wà lọ́dọ̀ aláìsàn gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní stage. Ohun àkọ́kọ́ ni ọwọ́ fífọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe kí a kàn da omi sọ́wọ́. Ọṣẹ àti omi, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, abẹ́ èékánná. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìṣẹ́jú kan ni. Wọ́n ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn, wọ́n tún ń fọ̀ ọ́ bí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò rọ́pò ọṣẹ.

Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fún aláìsàn lóúnjẹ: kí ó jókòó tàbí kí orí rẹ̀ ga, kí oúnjẹ má bàa gba ọ̀nà èémí lọ. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń wẹ àgbàlagbà láìtú u sí ìhòòhò lójú gbogbo ayé. Apá tí a ń wẹ̀ nìkan ni a ó ṣí, a ó bo ìyókù. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀, nítorí ìtìjú ń pa àwọn àgbà wa ju àìsàn lọ nígbà mìíràn.

Wọ́n sì ń kọ́ kíkà. Ẹ̀yin tó ń bi mí pé kí ni ìṣirò wà fún, ẹ gbọ́ èyí. Bí ọmọdé bá ń wúkọ́, wọ́n ń ka èémí rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ wà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ó má máa sunkún, kí ó má máa mu ọmú. Wọ́n yóò ṣí aṣọ rẹ̀ sókè, wọn yóò wo àyà àti ikùn. Bí ó bá gbé sókè tó sì rọlẹ̀, ọ̀kan nìyẹn. Wọn yóò kà á fún odindi ìṣẹ́jú 1 pẹ̀lú aago. Ọmọ tó ti pé oṣù 2 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 1, bí ó bá dé 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ti yára jù. Ọmọ ọdún 1 sí ọdún 5, bí ó bá dé 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ti yára jù. Ó lè jẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń pa ọmọ kíákíá. Ẹni tí kò lè kà dé 50 láìṣìnà, báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Lẹ́yìn kíkà, kíkọ. Ní aago 6 àárọ̀, ara aláìsàn jẹ́ 37. Ní aago 10, ó di 39. Ẹni tó wò ó ní àárọ̀ ti lọ sílé. Ta ni yóò sọ fún ẹni tó dé ní ọ̀sán pé ara náà ń gbóná sí i? Ìwé ni. Nọ́ọ̀sì àgbà ní lójú òun, ohun tí a kò kọ, a kò ṣe é ni. Ó fi ìwé kan hàn mí tí ẹnì kan kọ 38 sí, ṣùgbọ́n ó dà bí 36. Ọjọ́ yẹn aláìsàn náà ò gba oògùn tó yẹ kó gbà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí náà, bí mo bá ní kí ẹ tún 8 yín kọ, ẹ má bínú sí mi.

Iṣẹ́ yìí ní ààlà. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ nọ́ọ̀sì. Kì í dá pinnu oògùn fúnra rẹ̀. Kì í gbé àpò abẹ́rẹ́ sẹ́yìn alùpùpù kó máa kiri abúlé. Ẹ mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ wọ́n. Bí ọmọ yín bá kọ́ṣẹ́ dáadáa, ohun tí òun kò gbọ́dọ̀ ṣe wà lára ohun tí yóò kọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò, inú àpótí tirẹ̀ ni ó ń lọ, wọn kì í dá ìdérí rẹ̀ padà, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń gún ọwọ́ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ aláìsàn náà kò gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni tó bá wẹ ìyàwó aládùúgbò rẹ̀ ní àárọ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí létí odò ní ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbà ní èyí ló ṣòro jù fún àwọn ọ̀dọ́ tó wá láti abúlé. Mo gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Pobè, ẹ mọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò Buruli. Àrùn yìí wọ́pọ̀ nítòsí irà àti omi tí kò ṣàn dáadáa. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí kókó kékeré tí kì í dunni, nítorí náà a kì í kà á sí. Lẹ́yìn náà ó di egbò ńlá. Oògùn wà fún un, ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ń lò ó, lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fọ egbò náà, kó máa dì í, kó máa na orúnkún tàbí ìgúnpá ọmọ náà kí ó má bàa ká sójú kan. Ọmọ yóò sunkún. Ẹni tó ń ṣe é yóò ní sùúrù, yóò padà wá lọ́la. Bí ọmọ yín kò bá lè fara da ẹkún àti òórùn, ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n nísinsìnyí.

Ó kan ti ilé ẹ̀kọ́ àti owó. Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kọ́ṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú aládàáni kan. Ọdún 2 ló lò. Ó gbálẹ̀, ó fọ aṣọ, ó pọnmi. Ẹnikẹ́ni kò fi ìwé kọ́ ọ. Àwọn ẹbí ń san owó lóṣooṣù. Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n fún un ní ìwé tó ní òǹtẹ̀ rédédé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba òṣìṣẹ́ níbòmíràn, ó mú ìwé náà lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà fún un. Wọ́n ní ìjọba kò mọ ìwé yẹn. Ó ń ta ìrẹsì nísinsìnyí. Ìrẹsì títà kò burú, ṣùgbọ́n ọdún 2 àti owó náà ti lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ ìjọba hàn yín, kí ẹ kà á fúnra yín, ẹ ti mọ̀ ọ́n kà. Ẹ béèrè ibi tí ọmọ yóò ti ṣe stage. Ẹ béèrè ibi tí àwọn tó parí ṣáájú ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ lọ bá wọn. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí owó. Ẹ bi nọ́ọ̀sì àgbà tàbí dókítà àgbà ìjọba léèrè bóyá wọ́n mọ ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì pátápátá tàbí agbẹ̀bí, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wà ní Kútọnu, INMES ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ará Tógò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ ìlera ní Sokodé. Ẹ má sì rò pé níbí nìkan ni wọ́n ti ń béèrè ìwé. Ní England, wọ́n dá irú iṣẹ́ tó fara jọ èyí sílẹ̀, ó wà láàárín olùrànlọ́wọ́ lásán àti nọ́ọ̀sì. Láti oṣù kìíní ọdún 2019 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ń ṣe é sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọdún 2 ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí òyìnbó bá ń lo ọdún 2, kí wá ni ọkùnrin ìlú yẹn fẹ́ kọ́ ọmọ ní oṣù 6?

Ẹ̀yin àgbà ń wò mí, ẹ ń rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abúlé ń yan àwọn tí wọ́n ń pè ní relais communautaire láàárín ara wọn. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń wo ọmọ tó ní ibà, tó ń wúkọ́, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n ń rán wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ń rán ìyá létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọdún 2024, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà dé Benin, ọmọ kan sì gbọ́dọ̀ gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó mọ ìwé kà ni yóò mọ ọmọ tí ọjọ́ rẹ̀ pé.

Mo padà lọ bá ìyá yẹn ní ọjọ́ kẹta. Mo sọ fún un pé, "Ẹ má tíì ta ewúrẹ́. Ọdún tó ń bọ̀ ni ọmọ yóò ṣe ìdánwò BEPC. Ẹ jẹ́ kó ṣe é ná. Ìwé yẹn yóò wúlò fún un níbikíbi." Ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀, kò dùn mọ́ ọn, ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ti ń lọ. Ìyá ní òun yóò kọ́kọ́ lọ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó lọ. Ọkùnrin náà ní ìwé náà wà ní Kútọnu, kí ó mú owó wá ná. Ìyá padà wálé. Àwọn ewúrẹ́ ṣì wà lágbàlá rẹ̀ lánàá, mo rí wọn.

Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílé ìwòsàn wa ní ọjọ́ Sátidé, ó ń wo bí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà ló gbà bẹ́ẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹni tó bá ní aago mú un wá. Kí ìyá tó bá ní ọmọ kékeré gbé e wá, kí ó fún un lọ́mú kó yó. A ó ka èémí papọ̀, a ó sì kọ nọ́ńbà náà sójú pátákó.