Ẹ̀dá Tí Ń Fi Àwọ̀ Ẹlòmíràn Bora

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ènìyàn ni a fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú igbó ni ó ń jèrè rẹ̀. Bí ìbẹ̀rù ejò bá lè mú ni sá fún ekòló, a jẹ́ pé ekòló tí ó bá jọ ejò jù lọ ni yóò pẹ́ jù lọ láyé. Èyí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí: bí àwọn ẹ̀dá kan ṣe ń fara wé ẹlòmíràn láti bọ́ lọ́wọ́ ikú, tàbí láti rí oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara labalábá. A mọ igi bomubómu, tí àwọn Fúlàní fi oje funfun inú rẹ̀ ń mú wàrà dì. Oje yìí ní májèlé. Labalábá kan wà tí ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú pẹ̀lú ààmì funfun. Orí ewé bomubómu àti àwọn igi tí ó bá a tan ni ó ń yé ẹyin sí. Ọmọ tí ó bá pa, nígbà tí ó ṣì ń fàyà wọ́, a máa jẹ ewé náà, a sì máa kó májèlé rẹ̀ pamọ́ sínú ara títí yóò fi hu ìyẹ́. Ẹyẹ tí ó bá tọ́ ọ wò yóò bì í, kò sì ní fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Labalábá mìíràn wà tí kò ní irú májèlé bẹ́ẹ̀. Akọ rẹ̀ dúdú, ó ní ààmì funfun ńláńlá lára. Ṣùgbọ́n abo rẹ̀ jọ onímájèlé yẹn bí ìbejì. Ẹyẹ tí ó ti bì rí kò jẹ́ dán an wò. Kì í ṣe pé labalábá jókòó gbèrò bẹ́ẹ̀. Láti ìran dé ìran, èyí tí kò jọ olóró ni ẹyẹ ń jẹ. Èyí tí ó jọ ọ́ ni ó ń kù tí ó ń bímọ. Henry Walter Bates, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ sí igbó Amazon ní ilẹ̀ Bràsílì ní ọdún 1848, tí ó sì lo ọdún 11 níbẹ̀, ni ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé irú ọ̀ràn yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1862.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀tàn yìí ní ìwọ̀n. Bí ayédèrú bá pọ̀ ju ojúlówó lọ, ẹyẹ yóò máa jẹ ẹ́ láìbì, kò sì ní pẹ́ tí ìbẹ̀rù yóò fi kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ara òtítọ́ ni irọ́ ti ń jẹun.

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tí ń fi àfarawé ṣọdẹ. Ẹ wo tanná-tanná, kòkòrò tí ń tan iná lóru. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìran kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni ó ní bí ó ṣe ń ṣẹ́ná tirẹ̀. Akọ a máa fò kiri, a máa fi iná pe abo. Abo tí ó wà nínú koríko a sì fi iná dá a lóhùn. Ní ọdún 1965, onímọ̀ kan, James Lloyd, fi hàn pé abo ìran mìíràn a máa jí èsì yìí lò. Akọ á rò pé aya ni ń pe òun, á sọ̀ kalẹ̀, abo náà á sì gbá a mú, á jẹ ẹ́. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó rí. Májèlé tí ó wà lára akọ náà yóò tún di ààbò fún un, tí aláǹtakùn kò fi ní fẹ́ jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ẹni tí a ń tàn kì í gbọ́n. Ẹ̀gà tí ń pariwo lórí ọ̀pẹ ní àgbàlá wa jẹ́ ẹ̀rí. Ẹyẹ kékeré kan wà, aláwọ̀ ewé tí ikùn rẹ̀ funfun, tí kì í kọ́ ilé. Inú ìtẹ́ ẹ̀gà ni ó ń yọ́ yé ẹyin sí, ẹyin tí ó jọ ti onílé. Bí ọmọ rẹ̀ bá pa, á ti ẹyin tàbí ọmọ onílé síta, kí òun nìkan lè máa jẹun. Kí ni ẹ̀gà ṣe? Abo kan ń yé ẹyin funfun, èkejì ń yé aláwọ̀ ojú ọ̀run, òmíràn ń yé èyí tí ó ní tótòtó. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹyin abo kan ṣoṣo a máa jọra. Nítorí náà, ó mọ tirẹ̀, a sì máa ju ti àlejò nù.

Ó kéré tán, 200 ọdún sẹ́yìn ni a ti kó ẹ̀gà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí erékùṣù Hispaniola, níbi tí Haiti wà. Ẹyẹ olè yẹn kò sí níbẹ̀. Ní 2005, David Lahti fi hàn pé ẹyin àwọn ẹ̀gà ibẹ̀ kò yàtọ̀ síra láti abo dé abo tó ti ilẹ̀ Áfíríkà mọ́, ẹyin abo kan ṣoṣo kò sì fi bẹ́ẹ̀ jọra mọ́. Níbi tí kò sí olè, ta ni yóò máa ti ilẹ̀kùn?

Ó ku ẹyọ kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ejò kan wà ní Áfíríkà tí kò ní oró, tí oúnjẹ rẹ̀ kò ju ẹyin ẹyẹ lọ. Bí ewu bá dé, a ká ara kò, a máa fi ìpẹ́ ha ìpẹ́, a sì máa dún bí paramọ́lẹ̀ ilẹ̀ ọ̀dàn, ejò olóró tí ó ti pa ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Àríwá Nàìjíríà. Bí àwọn ẹ̀dá inú igbó bá ń ṣi àwọn méjèèjì mú, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe fi ẹ̀mí yín ta tẹ́tẹ́. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ejò kí ẹ wí pé ajẹyin lásán ni. Ẹ yà fún un kí ó kọjá. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi okùn di í pinpin, ẹ má sì ṣe dúró wo irú ejò tí í ṣe. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò lára rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rìn, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà mira, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní abẹ́rẹ́ oró ejò ní kíákíá.

Ẹyẹ tí labalábá bá tàn, oúnjẹ ọjọ́ kan ni ó pàdánù. Ẹni tí ejò bá tàn lè máà rí ọjọ́ kejì.