Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Ẹ̀rí?

Bí kẹ́míkà olóró bá ń pa òṣìṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ta ni ó yẹ kí ó mú ẹ̀rí wá: ẹni tí ń fà á símú ni, tàbí ẹni tí ń jèrè rẹ̀?

Òfin ọdún 1970 ni ó bí OSHA, àjọ tí ń mójú tó ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Benzene, tí ó wà nínú epo bẹntiróòlù, a máa fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ní 1978, àjọ náà pàṣẹ pé kí ìwọ̀n rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ wálẹ̀ láti ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan sí ìdá 1. Àwọn oníléeṣẹ́ epo pe ẹjọ́. Ní 1980, adájọ́ 5 nínú 9 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé àṣẹ náà. Adájọ́ Stevens ní àjọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ewu tí ó wúwo wà. Adájọ́ Marshall, tí kò fara mọ́ ọn, ní èyí di ẹrù ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn kò tíì mọ̀ dájú lé òṣìṣẹ́ lórí.

Ọ̀rọ̀ Stevens kò ṣàìnídìí. Nínú òfin Ìsìláàmù pẹ̀lú, ọrùn ẹni tí ó pe ẹjọ́ ni ẹ̀rí wà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà kọ̀ fún wa láti kó ìnira bá ẹlòmíràn. Jẹjẹrẹ kì í sì í yára jẹ́rìí: ẹni tí a ní kí ó dúró de ẹ̀rí lè ti wọ sàréè kí ẹ̀rí tó dé.

Ní 1981, nínú ẹjọ́ eruku òwú, ilé ẹjọ́ kan náà ní òfin kò béèrè pé kí àjọ náà gbé ináwó àti àǹfààní sórí òṣùwọ̀n; ààbò dé ibi tí ó bá ṣeé ṣe dé ni òfin fẹ́. Ní 1987, lẹ́yìn tí OSHA ti kó ẹ̀rí jọ, ìdá 1 yẹn padà di òfin. Ìwọ̀n kan náà ni, ṣùgbọ́n ọdún 9 ti lọ lórí ẹ̀mí òṣìṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ béèrè ohun tí ó wà nínú àgbá tí ẹ ń gbé. Ẹ má fi ẹnu fa bẹntiróòlù. Bí ara bá yí padà níbi iṣẹ́, ẹ kọ ọjọ́ àti àmì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ òní ni ẹlẹ́rìí ọ̀la. Ẹ̀yin tí ẹ ó di agbanisíṣẹ́, ẹ má dúró de ilé ẹjọ́ kí ẹ tó ṣàánú. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa. Àmín.