Àgékù Aṣọ àti Ríbọ́ọ̀nù Lẹ́nu Ìwọ̀ Ẹja

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka wa bá ìpàdé gbogboogbò sọ ní Jos



Kí n tó ka ìwé owó oṣù yìí, mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi ní àyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ láàárín wa láti bí oṣù méjì, ó sì dé etí ìyàwó mi kí ó tó dé etí tèmi. Wọ́n ní akọ̀wé ẹgbẹ́ ń ta àgékù aṣọ fún bàbá arúgbó kan, tí bàbá náà yóò kọ́kọ́ ri aṣọ sínú àwo omi, tí yóò tẹjú mọ́ ọn, tí ẹnu rẹ̀ yóò sì máa jẹ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ní oògùn ni. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé kí a gba owó ẹgbẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi títí a ó fi mọ ohun tí mo ń ṣe. N kò bínú sí i. Ẹni tí owó ọ̀pọ̀ ènìyàn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n lè bi í léèrè. Ìdí nìyí tí mo fi dìde.

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ọmọ Berom, onílẹ̀ ibí. Hausa ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹja ni ó ń fi ríbọ́ọ̀nù mi pa.

Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní ilé wa, ekòló ni a fi ń sí ẹnu ìwọ̀, tàbí ọṣẹ, tàbí ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n ẹja inú adágún, àti epìyà pẹ̀lú, a máa jẹ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń gbé inú omi, tàbí èyí tí ó bá já bọ́ sí ojú omi. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kéré jù, wọ́n sì rọ̀ jù. Bí ènìyàn bá gún wọn mọ́ ìwọ̀, wọn a fọ́. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń mú ìwọ̀ kékeré, tí wọn a we òwú, ìyẹ́ àti ègé aṣọ mọ́ ọn títí yóò fi jọ kòkòrò. Ẹja yóò gbà á sí ẹnu. Kí ó tó mọ̀ pé aṣọ ni, ìwọ̀ ti kọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Òǹkọ̀wé kan ní Róòmù àtijọ́, Aelian, ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Macedonia a máa we òwú irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, wọn a sì fi ìyẹ́ àkùkọ méjì lé e. Ní 1496, wọ́n tẹ ìwé kan ní England lórí ẹja pípa, tí wọ́n máa ń fi orúkọ obìnrin kan, Juliana Berners, pè. Irú kòkòrò àfọwọ́ṣe 12 ni ó wà nínú rẹ̀, òwú irun àgùntàn sì ni ara púpọ̀ nínú wọn. Ẹ ò rí i pé ọjà tiwa ni wọ́n ń lò láti ọjọ́ náà.

Ìtàn tí ó dùn mọ́ èmi oníṣòwò jù lọ ni ti Frank Sawyer, tí í ṣe olùṣọ́ odò Avon ní England. Òwú tí àwọn ìyàwó ilé fi ń tún ìbọ̀sẹ̀ tí ó ya ṣe ni ó ń wé mọ́ ìwọ̀ kan báyìí, òwú Chadwick's, nọ́ńbà 477. Lórí káàdì rẹ̀, àwọ̀ eérú lásán ni, kò wu ojú. Bí ó bá wọ inú omi, a yí padà, a pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ara edé odò. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe òwú náà dúró, àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí wá a kiri, wọ́n sì ń san owó gọbọi lórí káàdì kan ṣoṣo. Òwú ìbọ̀sẹ̀! Mo rántí iye òwú tí mo ti fi ṣe èènì fún àwọn télọ̀, orí mi wú.

Ohun tí àwo omi wà fún nìyẹn. Àwọ̀ tí aṣọ ní nígbà tí ó gbẹ kọ́ ni ó ní nínú omi, ojú omi ni ẹja sì fi ń rí i. Wúyẹ́wúyẹ́ tí ẹnu bàbá ń jẹ, kíkà ni ó ń kà: ó fẹ́ mọ bí yóò ti pẹ́ tó kí aṣọ náà tó rì.

Mo ti kọ́ púpọ̀ lára rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù sátíìnì, bí a bá fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ kúrò, fọ́nrán rẹ̀ a tú jáde ní gígùn, a sì máa dán. Ara kòkòrò ni a fi ń wé. Ọ̀gánsà a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà apá kòkòrò ni a fi ń gé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gánsà onírọ́bà tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà, ẹ fi iná kan etí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, yóò yọ́, kò ní tú mọ́. Àrán a máa mu omi, a sì rì kíákíá. Òwú shain-shain tí àwọn ahunṣọ wa ń fi sínú aṣọ òkè, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàbá ń yí i ká ara kòkòrò kí ó lè máa kọ mànà. Ankara kò wúlò fún un. Ó nípọn jù. Ó há ìwọ̀ sí ẹnu ẹ̀mú kékeré kan, ó fi ìda pa òwú ìránṣọ kí ó má baà yọ̀, ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì fi ọ̀dà èékánná obìnrin kan kán sí ojú kókó. Mo jókòó tì í ní ìgbà kan, kò gbà ju bí ènìyàn ti ń mu ife tíì kan lọ.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ó nira fún mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ta ríbọ́ọ̀nù sátíìnì pupa fún bàbá yìí, mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé kò ní ṣí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó padà wá. Kòkòrò pupa tí ó so ti di aláwọ̀ ẹran tí a bọ̀. Kò pariwo, ó gé ègé kan lára èyí tí ó kù, ó jù ú sínú àwo omi lórí káńtà mi, omi náà sì pọ́n bí ṣobo. Mo dá owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n n kò sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí láti inú páálí kan náà ni mo ti ta ríbọ́ọ̀nù fún àwọn ìyá nínú ẹgbẹ́ yìí, fún aṣọ ìkómọ. Ìyá mẹ́ta ni mo ti dá owó wọn padà. Bí ẹnikẹ́ni bá kù tí ó ra ti pupa yẹn, kí ó wá, kì bá à ti gé e. Láti ọjọ́ náà, n kì í ta aṣọ aláwọ̀ kankan láì ri ègé rẹ̀ sínú omi. Àwo tí àwọn ènìyàn ń rí, tèmi ni báyìí.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ti bi mí bóyá owó wà nínú iṣẹ́ náà. Ní Kenya, ó wà. Àwọn òyìnbó tí ó tẹ̀dó síbẹ̀ kó ẹja trout wá sínú àwọn odò tútù orí òkè ní 1905, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì kọ́ bí a ti ń so ìwọ̀ wọ̀nyí. Títí di òní wọ́n ń so ó fún títà sí òkè òkun. Níhìn-ín, oníbàárà kan ṣoṣo ni mo ní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí láti lọ sí etí àwọn kòtò omi tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ yí Jos àti Bukuru ká. Etí wọn dà gẹ̀rẹ̀, wọ́n jìn, wọ́n sì ti gbé ọmọ lọ. Bàbá náà fúnra rẹ̀ kì í dá lọ.

Àwọn tí ó wà níbí nígbà tí ọjà ńlá jóná ní 2002 mọ ìdí tí n kò fi ń ju àgékù nù. Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà. Àpò àgékù kan tí ó wà lọ́dọ̀ télọ̀ ni ọ̀gá mi fi tún ọjà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin télọ̀, bí ẹ bá ní ègé ọ̀gánsà tàbí àrán tí ẹ fẹ́ dà nù, ẹ mú un wá, a ó dá owó lé e. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ wo inú àwo náà, abẹ́ káńtà ni ó wà. Omi ẹ̀rọ ni ó wà nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n ka ìwé owó.