Ọmọ Ka Ìwé, Ṣé Ó Yé E?



Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo na ọmọ kan. Ó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì geere, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni. N kò bi í ní Yorùbá.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tìtorí èyí bàjẹ́.

Bí ọmọ yín ní sẹ́kọ́ńdìrì bá kàwé tán, ẹ ní kí ó pa á dé, kí ó kọ ìlà mẹ́ta ní Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, ẹ kà á. Bí kò bá yé yín, kí ó tún un kọ.